Gospava àti Ẹjọ́ Ìsun Omi Suvodo

Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ mọ ohun tó sọ irun orí Gospava Raspopović di funfun, kó wá jókòó sí ọ́fíìsì rẹ̀ ní àárọ̀ ọjọ́ kan ṣoṣo. Ẹni tó ní ẹjọ́ á wọlé, á kí i, á béèrè ara, á béèrè àwọn ọmọ, á mu kọfí. Á sọ̀rọ̀ nípa koríko tí òjò bà jẹ́ àti nípa màálù àbúrò rẹ̀ tó dá lẹ́sẹ̀. Á mu kọfí kejì. Á dìde, á dé fìlà rẹ̀, á di ọwọ́ ilẹ̀kùn mú, ìgbà náà ni yóò wá yíjú padà pé, "Háà, Lọ́yà, ó kù díẹ̀ kí n gbàgbé. Wọ́n ní kí n kó jáde nínú ilé mi lọ́la." Lọ́la! Ìwé ìpẹ̀jọ́ sì ti wà nílé rẹ̀ láti ọjọ́ tó ti pẹ́, ó ń gbé ìkòkò kọfí lé e kó má baà jó tábìlì. Gospava á di orí mú. Láti ọjọ́ tó ti jáde ní yunifásítì ló ti ń di orí yẹn mú, ọpẹ́ ni pé kò tíì fọ́.

Ọmọ Montenegro ni, ọmọ orí òkè. Suvodo ni wọ́n bí i sí, abúlé tí òkúta ibẹ̀ pọ̀ ju ènìyàn lọ. Krsto bàbá rẹ̀ ń sin àgùntàn, ó sì ta nínú wọn láti rán ọmọbìnrin rẹ̀ lọ kọ́ òfin nígbà tí àwọn aládùúgbò ń bi í pé ṣé kò rí ọkọ fún un ni. Lọ́jọ́ tó gbàwé ẹ̀rí, Krsto pa àgbò, ó sì ń sọ fún gbogbo ẹni tó bá bu ẹran pé, "Ẹ jẹun dáadáa, ẹ ti ní agbẹjọ́rò báyìí." Kò bi ọmọ rẹ̀ léèrè ta ló máa gbẹjọ́ fún. Èwo ni tirẹ̀? Ta ni ọmọ Krsto tún fẹ́ gbẹjọ́ fún bí kò ṣe fún àwọn ènìyàn Krsto?

Ìjọba ló gbà á síṣẹ́. Bí ẹnìkan bá gé igi nínú igbó ìjọba, bí ẹnìkan bá kọ́lé sórí ilẹ̀ ìjọba, Gospava ni wọ́n máa rán lọ sí kóòtù láti gba ohun ìjọba padà. Ó débẹ̀ ní ọmọge. Orílẹ̀-èdè pààrọ̀ orúkọ, àsíá yí padà, àwọn ọ̀gá wá, wọ́n lọ, òun ṣì wà nídìí tábìlì kan náà, ó ń gba igi padà. Ó mọ iṣẹ́ náà débi pé bí àwọn lọ́yà mìíràn bá ti rí i ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ kóòtù, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í sọ fún oníbàárà wọn pé kó gba kámú.

Ohun tó máa ń bí i nínú jù lẹ́nu iṣẹ́ náà ni Jòhánù Mímọ́. Kì í ṣe pé ó ní ìjà pẹ̀lú ẹni mímọ́ náà, àwọn tó ń dárúkọ rẹ̀ ni. Lórí òkè yẹn, ẹni tó bá gbé ọmọ rẹ níbi ìrìbọmi, tàbí ẹni tó kọ́kọ́ gé irun orí rẹ̀, ti di kúmù rẹ nìyẹn, ó ti súnmọ́ ọ ju ọmọ ìyá rẹ lọ. O ò gbọdọ̀ bú u, o ò gbọdọ̀ pè é lẹ́jọ́, ọmọ rẹ ò gbọdọ̀ fẹ́ ọmọ rẹ̀. Bí ọ̀tá rẹ pàápàá bá ránṣẹ́ pé kó o wá ṣe kúmù ọmọ òun, o gbọ́dọ̀ dìde kó o lọ, ìjà ti parí, nítorí ẹni tó bá kọ kúmù, Ọlọ́run ló kọ̀. Jòhánù tó ṣèrìbọmi fún Olúwa ló ni ọ̀rọ̀ náà. Nítorí bẹ́ẹ̀, bí ọ̀ràn bá dé ọ̀nà ọ̀fun ẹnìkan, yóò ní, "Mo fi Ọlọ́run àti Jòhánù Mímọ́ bẹ̀ ọ́," ẹni tí wọ́n sọ ọ́ fún ò sì lè ní rárá.

Bí wọ́n ṣe ń gbé e wá sí ọ́fíìsì ìjọba nìyẹn o, pẹ̀lú wàràkàṣì tí wọ́n fi aṣọ funfun dì. Ẹni tó gé odidi òkè kan lulẹ̀ á gbé wàràkàṣì sórí fáìlì ara rẹ̀, á ní òun fi Jòhánù Mímọ́ bẹ Gospava. Gospava á ní, "Gbé wàràkàṣì rẹ, ọ̀rá rẹ̀ ń kán sórí ìwé. Ìjọba kì í ní kúmù." Ó sọ ọ́ títí ó fi di orúkọ rẹ̀. Àwọn ọmọdé abúlé tí wọn ò tíì rí i rí ń pè é ní Ìyá-Ìjọba.

Ìyẹn ò dùn ún. Ọ̀rọ̀ pápá ló dùn ún.

Lókè Suvodo, pápá koríko kan wà tí gbogbo abúlé máa ń kó àgùntàn lọ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ìjọba ní tòun ni. Abúlé ní àwọn baba ńlá àwọn ni wọ́n fi sílẹ̀. Fáìlì náà dé orí tábìlì Gospava. Ó gbé e tọ ọ̀gá rẹ̀ lọ, ó ní abúlé bàbá òun nìyí, kí wọ́n gbé e fún ẹlòmíràn. Ọ̀gá náà rẹ́rìn-ín. Ó ní orílẹ̀-èdè yìí kéré, gbogbo ènìyàn ló bá gbogbo ènìyàn tan, bí àwọn bá ní káwọn máa wá ẹni tí kì í ṣe mọ̀lẹ́bí ẹnikẹ́ni, kóòtù á ti ilẹ̀kùn ni. Gospava ka àwọn ìwé náà. Òfin ìgbà yẹn wà lẹ́yìn ìjọba gbágbáágbá. Ó lọ, ó sọ ohun tí òfin wí, ó sì borí.

Mašan Vukićević ló ní àgùntàn jù ní Suvodo, òun lọ̀rọ̀ náà sì ká lára jù. Lọ́jọ́ Àìkú tó tẹ̀lé e, níwájú ṣọ́ọ̀ṣì, nígbà tí gbogbo ènìyàn ń jáde, ó gbóhùn sókè pé, "Ẹ ṣáà bi ọmọ Krsto ẹni tó fún un ní fúláàtì!" Lóòótọ́, ọdún yẹn ni ọ́fíìsì fún Gospava ní fúláàtì. Ìdí ọ̀rọ̀ ò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Àmọ́ ọ̀rọ̀ ò ní ẹsẹ̀, ó sì ti dé gbogbo ilé kí oúnjẹ ọ̀sán tó jinná. Ó dé etí Krsto. Ká ní Krsto bi í ni, ì bá dáhùn. Krsto ò bi í. Ó kàn dẹ́kun wíwá sílé ọmọ rẹ̀ ni. Bí ó bá wá sílùú wá rí dókítà, ilé àna rẹ̀ ló máa ń sùn. Ó ń kí i bí wọ́n bá pàdé, ó ń jẹun lọ́wọ́ rẹ̀ bó bá wá sí abúlé, ṣùgbọ́n kò tẹ ilé rẹ̀ mọ́ títí ó fi kú. Ìyà tí kò ní orúkọ nìyẹn. Láti ìgbà náà, ohun kan ṣoṣo ni Gospava ń fẹ́ láyé: kí ẹnìkan ní Suvodo la ẹnu rẹ̀ kó sọ pé kò tà wọ́n.

Nígbà tó lé ní àádọ́ta ọdún, ó fi iṣẹ́ ìjọba sílẹ̀, ó gba yàrá kan lókè ilé búrẹ́dì, ó kọ orúkọ rẹ̀ sára ilẹ̀kùn. Ó rò pé ìsinmi dé. Ìsinmi kẹ̀! Nílé iṣẹ́ ìjọba, oníbàárà kan ló ní, ìjọba kì í sì í sọ̀rọ̀. Níbí, wọ́n ń sọ̀rọ̀. Wọ́n á gba ìmọ̀ràn lọ́wọ́ rẹ̀ láàárọ̀, wọ́n á lọ bi onígbàjámọ̀ wọn bóyá òótọ́ ni. Wọ́n á parọ́ fún un, wọ́n á wá sọ òótọ́ fún adájọ́. Ọkùnrin kan tí wọ́n ń bá ṣẹjọ́ ọgbà dìde ní kóòtù, ó ní, "Olúwa mi, ká sọ tòótọ́, ọgbà tiwọn ni, àmọ́ ẹ wo bí bàbá wọn ṣe bú bàbá mi." Gospava wo òkè ilé kóòtù títí, bí ẹni pé ó fẹ́ rí ibi tó ń jò.

Nígbà náà ni Gojko wá. Gojko jẹ́ ọmọ Joka, Joka sì ni opó ìbátan bàbá Gospava. Ó ní Mašan ti ri páìpù láti ibi ìsun omi tó wà láàárín ilẹ̀ àwọn, ó fà á lọ sí ilé màálù ara rẹ̀, ohun tó ń kán sọ́dọ̀ àwọn ò tó fọ ojú ológbò. Gospava ò tiẹ̀ jẹ́ kó parí kọfí. Mašan! Bó bá gba omi padà fún Suvodo lọ́wọ́ Mašan fúnra rẹ̀, ta ni yóò tún pè é ní ẹni tó ta abúlé rẹ̀?

Ẹjọ́ náà gbó lọ́wọ́ wọn. Adájọ́ kìíní fẹ̀yìn tì. Ìkejì lọ bímọ. Ẹni tí wọ́n rán láti lọ wọn omi débẹ̀ nínú ọ̀gbẹlẹ̀, ó kọ ọ́ pé òun ò rí omi kankan. Wọ́n rán ẹlòmíràn, yìnyín bo ìsun náà mọ́lẹ̀, ó ní òun ò rí ìsun. Ọdún ń gorí ọdún. Gospava ò jẹ́ kó lọ. Níkẹyìn adájọ́ kẹta, ọ̀dọ́bìnrin kan tí ojú rẹ̀ mọ́, gbọ́ gbogbo ẹlẹ́rìí tán, ó sì dá ọjọ́ ìdájọ́. Kódà lọ́yà Mašan ti ń sọ fún Gospava ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ pé, "Ẹ kú oríire o, Ìyá."

Ó ku ọ̀sẹ̀ kan tí Gojko wọ ọ́fíìsì.

"Àǹtí, ẹ kú iṣẹ́ o."

"Jókòó. Kò sí kọfí. Sọ ohun tó gbé ẹ wá kó o tó dé ẹnu ọ̀nà."

"Ẹ̀yin náà! Mo ní kí n kí yín ni."

"Gojko."

"Ó dáa. Ẹ mọ̀ pé irun Janko ti gùn."

"Irun ọmọ ẹ lo gun àtẹ̀gùn wá sọ fún mi?"

"A fẹ́ gé e lọ́jọ́ Sátidé. Ẹ ó wá, àbí? Màmá mi ní tẹ́ ò bá wá, àwọn máa wá gbé yín."

"Ẹ kú oríire. Ta ni kúmù?"

Gojko bẹ̀rẹ̀ sí í wo bàtà rẹ̀. "Mašan ni."

"Mašan wo?"

"Àǹtí, Mašan mélòó ló wà ní Suvodo?"

Gospava dìde. Ó jókòó. Ó tún dìde. "O lọ bẹ ẹni tá à ń bá ṣẹjọ́ pé kó wá gé irun ọmọ ẹ? Ó gbà?"

"Ó gbà. Ṣé ó lè kọ̀ ni? Ó kàn ní òun ò lè fọwọ́ kan sísọ́ọ̀sì bí ẹjọ́ bá ṣì wà nílẹ̀. Ẹ̀ṣẹ̀ ni. Nítorí ẹ̀, Àǹtí, bẹ́ ẹ bá ti lè yọ ọ́ kúrò kó tó di Sátidé..."

"Ìdájọ́ ku ọ̀sẹ̀ kan! Ọ̀sẹ̀ kan, ìwọ ọmọ yìí! Ṣé irun náà ń jó ni? Kò lè dúró?"

"Tá a bá ti nà án tán ní kóòtù, tá a wá ní kó wá ṣe kúmù, yẹ̀yẹ́ nìyẹn. Ìsinsìnyí ló jẹ́ iyì."

"Iyì! Ta ló kọ́ ẹ ní iyì? Ẹ fi mí sílẹ̀ kí n máa rìn káàkiri gbogbo ọdún wọ̀nyí bíi wèrè!"

Gojko gbójú kúrò lára bàtà rẹ̀. Nígbà tó sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀. "Nígbà òtútù tó kọjá, tí yìnyín dí ọ̀nà, tí ìyàwó mi ń rọbí Janko, ṣé ẹ mọ ẹni tó fi katakata la ọ̀nà fún wa dé títì? Mašan ni. Kò tiẹ̀ kí mi. Ó la ọ̀nà tán, ó yí padà, ó lọ sílé."

"O ò sọ fún mi."

"Ẹ máa ní ó gba orí ilẹ̀ wa kọjá ni. Ẹ máa fi kún ẹjọ́."

Gospava ti lanu láti jiyàn, àmọ́ ó mọ ara rẹ̀. Lóòótọ́, ì bá fi kún un.

A kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́, bẹ́ẹ̀ ni òwe wí. Òwe náà ò tíì gun òkè dé Suvodo. Ní Ọjọ́bọ̀ Gospava dúró níwájú adájọ́, ó ní àwọn yọ ẹjọ́ náà kúrò. Adájọ́ wo àwọn fáìlì tó ga tó ọmọ ọdún méjì, ó béèrè ìdí. Gospava ní, "Wọ́n ti di kúmù." Ojú ọ̀dọ́bìnrin náà tàn bíi tẹni tí wọ́n ní kó máa lọ sílé lọ sùn. Mašan wà níbẹ̀, Gojko wà níbẹ̀, wọ́n dì mọ́ra wọn, lọ́yà Mašan náà ń rẹ́rìn-ín. Ẹnìkan ṣoṣo ni inú rẹ̀ ò dùn nínú gbogbo ilé kóòtù. Ó ti pàdánù omi náà, ó sì ti pàdánù ohun tó ń wá nínú rẹ̀. Kò sí ẹjọ́ mìíràn tó kù tó lè fi han Suvodo pé òun kò tà wọ́n.

Kò fẹ́ lọ ní Sátidé. Ó lọ. Òjò ń rọ̀, ọkọ̀ rẹ̀ yọ̀ lẹ́ẹ̀mejì lójú ọ̀nà, ó ń bú Gojko, ó ń bú irun. Nígbà tó débẹ̀, ilé Joka ti kún. Mašan jókòó, àgbàlagbà tó ti lé lọ́gọ́rin ọdún, ó gbé ọmọ sórí ẹsẹ̀, ó gé irun rẹ̀ ní ọ̀nà mẹ́rin bí àmì àgbélébùú. Ọmọ náà ké bí ẹni tí wọ́n fẹ́ pa. Gbogbo ilé pàtẹ́wọ́. Wọ́n gbé ẹran ọ̀dọ́ àgùntàn wá, wọ́n gbé àgbàdo tí wọ́n rò pọ̀ mọ́ wàràkàṣì wá, ọtí ràkíjà ń yí ká. Joka bu oúnjẹ fún Gospava bí ẹni tó ń bu fún àlejò, ìyẹn náà dùn ún.

Nígbà tí wọ́n jẹun dé ìdajì, Mašan gbé ife sókè. 

"Lọ́yà," ó wí. Láti ọdún pápá, kò tíì bá Gospava sọ̀rọ̀ rí. "Èmi àti kúmù mi ti jọ sọ̀rọ̀. Omi ti parí. Ó ku pápá. A gbọ́ pé òfin ti yí padà, pé abúlé lè gba ilẹ̀ ẹ̀ lọ́wọ́ ìjọba báyìí. Ìwọ lo gbà á lọ́wọ́ wa. Kò sẹ́ni tó mọ ibi tí wọ́n gbà wọ inú ẹjọ́ yẹn tó ẹ. Gbà á padà fún wa."

Gbogbo tábìlì yíjú sí i. Gojko ń rẹ́rìn-ín músẹ́ bí ẹni tó fún un lẹ́bùn.  Gospava mọ ibi tí wọ́n máa gbà wọlé. Ó ti mọ̀ ọ́n láti ọjọ́ tí òfin tuntun ti jáde, ó sì ti gba ẹjọ́ yẹn padà lọ́kàn rẹ̀ láìmọye ìgbà. Ohun tó ń wá láti ọjọ́ yìí nìyí, wọ́n gbé e síwájú rẹ̀ bí ẹran.

"Mi ò lè ṣe é," ó wí.

"O ò lè ṣe kí ni?" Joka ló sọ̀rọ̀.

"Èmi ni mo ṣe ẹjọ́ yẹn fún ìjọba. Lọ́yà tó bá ti dúró fún ẹnìkan nínú ẹjọ́, kò gbọdọ̀ yí padà kó tún dúró fún ẹnìkejì. Òfin ò gbà. Ẹ wá lọ́yà mìíràn, ẹ lè borí."

"Ó dáa, sọ ọ̀nà ẹ̀ fún lọ́yà mìíràn náà," Gojko wí.

"Ìyẹn pàápàá mi ò lè ṣe é."

"Gospava!" Joka ju síbí sílẹ̀. "Ọmọ Suvodo ni ẹ́ àbí kí ni ẹ́?"

Àwọn ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í kùn. Ẹnìkan ní, "Ṣé ẹ rí i? Ìyá-Ìjọba." Mašan gbọ́wọ́ sókè, wọ́n dákẹ́. Ó gbé ọwọ́ náà lé orí ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gé irun rẹ̀ tán, ó wo Gospava tààrà.

"Gospava ọmọ Krsto, mo fi Ọlọ́run àti Jòhánù Mímọ́ bẹ̀ ọ́."

Omi bọ́ lójú Gospava, ìbínú ni o, kì í ṣe ẹkún. Kí ló dé tí wọ́n ń ṣe òun báyìí? Bó bá ní bẹ́ẹ̀ ni, wọ́n á gbé e sórí, gbogbo Suvodo á di tirẹ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú. Òfin kan ṣoṣo ló wà láàárín wọn, kò sì sẹ́ni tó ń wo òun níbẹ̀.

"Rárá," ó wí.

Joka fi ọwọ́ ṣe àmì àgbélébùú.  Mašan ṣì ń wò ó, ó pẹ́, ó wò ó bí ẹni tó ń ka nǹkan tí lẹ́tà rẹ̀ kéré.

"Kò sẹ́ni tó fún ẹ ní fúláàtì yẹn," ó wí níkẹyìn.

"Ọ́fíìsì ló fún mi! Wọ́n fún mi, wọ́n fún awakọ̀, wọ́n fún obìnrin tó ń gbálẹ̀! Ìlà la tò!"

"Mo ní kò sẹ́ni tó fi rà ẹ́." Ó gbé ohùn sókè kí àwọn tó wà nítòsí ilẹ̀kùn lè gbọ́. "Ẹ gbọ́ o. Ẹni tó lè kọ Jòhánù Mímọ́ lójú mi, nílé ìbátan ẹ̀, nítorí ìwé òfin kan, ta ló fẹ́ fi fúláàtì ra irú ẹni bẹ́ẹ̀? Mo purọ́ mọ́ obìnrin yìí. Èmi ni mo sọ ọ́, èmi náà ni mo kó o jẹ."

Ó yẹ kí inú Gospava dùn. Ọ̀rọ̀ tó ti ń retí látọjọ́ yìí nìyẹn. Ṣùgbọ́n ohun tó jáde lẹ́nu rẹ̀ ni, "Ẹ ò lè bi mí? Gbogbo ọdún wọ̀nyí, ẹ̀gbọ́n Mašan, ẹnu tẹ́ ẹ fi ń jẹun náà lẹ lè fi bi mí! Ẹ bi mí, mo dáhùn, ó tán! Bàbá mi ti kú, ẹ wá ń sọ fún mi nídìí ẹran!"

 Mašan gbé ọmọ fún Joka, ó na ọwọ́ gba fìlà rẹ̀, ó dìde.

"Níbo lẹ̀ ń lọ? Òjò ń rọ̀!"

"Itẹ́ òkú ò jìnnà."

"Ilẹ̀ ń yọ̀! Ẹ ó ṣubú, ẹ ó kán, ẹ ó tún ní ọmọ Krsto ló tì yín!"

Ó ti jáde. Gospava já agbòjò gbà lọ́wọ́ Gojko, ó sáré tẹ̀lé e, ó ń bá a wí láti ẹnu ọ̀nà dé ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì pé kó má tẹ òkúta yẹn, pé kó di ògiri mú, pé ọjọ́ orí rẹ̀ ò gba irú èyí mọ́. Mašan dúró síwájú ibojì, ó ṣí fìlà. Gospava na agbòjò bò ó lórí, òjò ń na ẹ̀yìn tirẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n Krsto," Mašan wí pẹ̀lẹ́, "mo purọ́ mọ́ ọmọ yín."

"Ẹ sọ ọ́ sókè," Gospava wí. "Etí rẹ̀ ti di kó tó kú."